Orí Kẹrin: Dídá Fìlà Sójà Àtijọ́ Mọ̀ àti Mímọ Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Fìlà sójà ń bẹ nínú àpótí ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ Yorùbá. Bàbá àgbà ló dé e bọ̀ láti Bọ́mà, tàbí àbúrò bàbá tó wà ní bárékè Kàdúná kí ogun Bìáfùrà tó bẹ̀rẹ̀, tàbí ọmọ Kétu kan tó bá àwọn Faransé lọ sójú ogun. Ẹni tó ni ín ti kú, àwọn tó gbọ́ ìtàn lẹ́nu rẹ̀ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, fìlà nìkan ló kù. Bí a bá mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, fìlà yẹn á sọ ohun púpọ̀ fún wa: ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ni ín, ìlú tí wọ́n ti rán an, ipò ẹni tó dé e, àti ọdún tí kò lè ti wà ṣáájú rẹ̀. Orí yìí wà fún ọmọ ilé tó fẹ́ mọ ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, fún olùkọ́ tó ń kó ohun àtijọ́ jọ sí ilé-ẹ̀kọ́, àti fún ẹni tó ń rà lọ́jà tí kò fẹ́ kí wọ́n ta ayédèrú fún òun.

Òfin tó ṣáájú

Ẹ fi òfin yìí sọ́kàn kí ẹ tó fọwọ́ kan fìlà: ohun tó dé gbẹ̀yìn lára fìlà ló ń sọ ọdún rẹ̀. Bí a bá rí fọ́tò ẹbí tí ọmọ ọwọ́ kan wà nínú rẹ̀, fọ́tò náà kò lè dàgbà ju ọmọ náà lọ, bó ti wù kí àwọn àgbà tó jókòó níbẹ̀ ti pẹ́ láyé tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni fìlà. Aṣọ rẹ̀ lè jọ ti 1940, awọ inú rẹ̀ lè ti gbó, ṣùgbọ́n bí òwú tí wọ́n fi rán an bá jẹ́ irú èyí tí kò tíì sí lọ́jà nígbà náà, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n rán an.

Òfin náà ní apá kejì: àwọn nǹkan kan rọrùn láti pààrọ̀. Báàjì ló rọrùn jù, ìṣẹ́jú kan ti tó láti yọ ọ́ kí a fi òmíràn sí i. Bọ́tìnì àti awọ àgbọ̀n ló tẹ̀ lé e. Aṣọ ìtẹ́nú ṣòro láti pààrọ̀, aṣọ fìlà gan-an kò sì ṣeé pààrọ̀ rárá. Nítorí náà, báàjì, tí àwọn tó ń tà máa ń kọ́kọ́ nàka sí, ni kí ẹ gbà gbọ́ gbẹ̀yìn. Ẹ máa kọ ọdún méjì sílẹ̀ nígbà gbogbo: ọdún fìlà, àti ọdún báàjì. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ó lè jẹ́ ẹ̀tàn, ó sì lè jẹ́ pé sójà náà lo fìlà kan náà lábẹ́ ìjọba méjì.

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò kò pọ̀: tọ́ọ̀ṣì, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, rúlà, òòfà, fóònù tó ń ya fọ́tò, àti tọ́ọ̀ṣì iná aró irú èyí tí àwọn oníbáńkì fi ń yẹ owó wò. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí ẹ sì ya fọ́tò fìlà níwájú, lẹ́yìn, lókè àti nínú kí ẹ tó ṣí ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wo ìrísí rẹ̀

Ìrísí ni yóò kọ́kọ́ dín àkókò tí ẹ ń wá kù.

Fìlà pupa tí kò létí, tó ga díẹ̀, tí òkè rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ: fẹ́ẹ̀sì ni. Òun ni àwọn ọmọ ogun West African Frontier Force, tí àgékúrú rẹ̀ ń jẹ́ W.A.F.F., máa ń dé lọ́jọ́ ayẹyẹ, pẹ̀lú káàkí, kóòtù pupa kékeré tí wọ́n fi àwọ̀ ìyeyè gbá létí, àti ọ̀já pupa nídìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí fìlà pupa ní Kétu, Sakété tàbí Pọ̀tọ̀novò, ẹ ronú nípa Faransé ná. Láti ìgbà tí Faransé ti dá ẹgbẹ́ Tirailleurs sílẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà ní 1857 ni fìlà pupa tí wọ́n ń pè ní chéchia ti di àmì wọn, wọ́n sì kó ọmọ Dàhòmì sínú ẹgbẹ́ náà. Èdè tó wà nínú òǹtẹ̀ àti lára báàjì ni yóò ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Fìlà olókè róbótó tó ní etí líle níwájú láti bo ojú lọ́wọ́ oòrùn: ní 1905 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba èyí tó jẹ́ ti aṣọ ogun ojoojúmọ́. Kò tíì kúrò nílẹ̀ títí dòní, nítorí náà ìrísí rẹ̀ nìkan kò lè sọ ju pé kò ṣáájú 1905. Bí àwọ̀ pupa bá yí i ká lórí fìlà ọ́físà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti kọ́nẹ́ẹ̀lì tàbí ẹni tó ga jù ú lọ.

Fìlà gígùn tó ṣeé ká pa, tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ orí, tó ní bọ́tìnì kékeré méjì níwájú: èyí tó jẹ́ káàkí, tí Gẹ̀ẹ́sì fún gbogbo ọmọ ogun rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1937. Òun ni ọ̀pọ̀ sójà dé wọ ogun Hitler, ìyẹn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1943, fìlà káàkí fẹ̀ǹtẹ̀ kan tó jọ bẹ́rẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tí wọ́n rán láti ara àwẹ́ aṣọ bíi mélòó kan, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀. Ẹ wo òkè fìlà dáadáa: bí ẹ bá rí ojú ìrán níbi tí wọ́n ti so àwẹ́ pọ̀, kì í ṣe bẹ́rẹ́ẹ̀tì, nítorí odidi ni wọ́n ń hun bẹ́rẹ́ẹ̀tì tòótọ́.

Bẹ́rẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀: àwọn oní-táǹkì Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ gba dúdú ní 1924. Èyí tó pọ́n bí obì, ti àwọn tó ń fò láti inú ọkọ̀ òfuurufú, bẹ̀rẹ̀ ní 1942. Lẹ́yìn ogun ni bẹ́rẹ́ẹ̀tì di fìlà gbogbo ọmọ ogun. Àwọ̀ ewé ni ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà.

Akẹtẹ̀ sójà, tí wọ́n fi káàkí tàbí fẹ́ẹ̀tì ṣe, tí etí rẹ̀ fẹ̀ yí ká: bí ìdílé bá ní bàbá àwọn lọ sí Bọ́mà, irú èyí ni kí ẹ máa retí. Ẹ̀ka 81 ti ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní March 1943, àti ẹ̀ka 82, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní August 1943, jà nínú igbó Arákánì, akẹtẹ̀ sì ni wọ́n dé níbẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn wà pẹ̀lú àwọn Chindit, ẹgbẹ́ tó ń jà lẹ́yìn ìlà ọ̀tá ní Bọ́mà, ní 1944. Ẹ tú àpótí náà wò dáadáa, bóyá àmì apá aṣọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú akẹtẹ̀: aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè ni ti ẹ̀ka 81, ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn ni ti ẹ̀ka 82. Akẹtẹ̀ kì í sábà ní báàjì, nítorí náà àmì apá yìí lè níye lórí ju fìlà lọ fún ìtàn ìdílé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ṣé ti sójà ni?

Kì í ṣe gbogbo fìlà tó ní báàjì ni ti sójà. Ọlọ́pàá, wọ́dà, òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù àti Boys' Brigade ló ń dé fìlà oníbáàjì, àwọn ọmọ ilé sì máa ń pe gbogbo rẹ̀ ní fìlà ogun.

Ìdákọ̀ró ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á ní fìlà ọmọ ogun ojú omi ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdákọ̀ró náà ni àmì Boys' Brigade tó wà nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀rọ̀ tó sì wà lára rẹ̀ ni “Sure and Stedfast”. Ti Boys' Brigade pàápàá ní ọdún tirẹ̀: ní 1926, nígbà tí wọ́n dara pọ̀ mọ́ Boys' Life Brigade, ni wọ́n fi àgbélébùú sẹ́yìn ìdákọ̀ró. Èyí tí kò ní àgbélébùú jẹ́ àpẹẹrẹ àtijọ́ tó ṣáájú 1926, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ìdákọ̀ró kẹta ni ti Faransé: òun ni àmì àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà. Bàbá tó dé ìdákọ̀ró ní Dàhòmì lè má wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wo adé

Bí fìlà bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, adé tó wà lókè báàjì ni àmì tó yára sọ̀rọ̀ jù. Ẹ gbé awò sí i.

Adé Ọba: apá rẹ̀ méjèèjì gòkè, wọ́n yípo róbótó títí dé àgbélébùú òkè, kò sí ibi tó rì. Irú rẹ̀ ni wọ́n lò láti 1901, lẹ́yìn ikú Ọbabìnrin Victoria, títí Elizabeth fi gorí ìtẹ́ ní 1952.

Adé Ọbabìnrin: apá méjèèjì gòkè, lẹ́yìn náà wọ́n rì wọlẹ̀ láàárín kí wọ́n tó kan àgbélébùú. Láti 1953 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àyípadà náà kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó gba ọdún díẹ̀ kí báàjì tuntun tó kárí, nítorí náà ẹ má bínú sí Adé Ọba lórí ọmọ ogun inú fọ́tò 1954.

Ẹ ṣọ́ra: láti ìgbà tí Charles Kẹta ti jọba ní 2022, Gẹ̀ẹ́sì ti padà sí adé olórí róbótó. Báàjì tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá lè ní adé tó jọ ti 1940. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é àti bí ara rẹ̀ ṣe rí ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí lẹ́tà orúkọ ọba bá wà lára bọ́tìnì tàbí báàjì, ẹ fi wé ọdún wọn: Edward Keje, 1901 sí 1910, George Karùn-ún, 1910 sí 1936, George Kẹfà, 1936 sí 1952, Elizabeth Kejì, 1952 sí 2022.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ka ohun tí báàjì sọ

Orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, àyípadà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹnu ibodè fún wa.

W.A.F.F. láìsí R níwájú: ṣáájú 1928. Ọdún yẹn ni ọba fún wọn ní oyè “Royal”. R.W.A.F.F., tí igi ọ̀pẹ wà lára báàjì rẹ̀: láti 1928 títí di 1960 tí wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká.

Nigeria Regiment: kò ṣáájú 1914, nígbà tí Lugard so àríwá pọ̀ mọ́ gúúsù, tí wọ́n sì da ọmọ ogun méjèèjì pọ̀. Onígun mẹ́ta méjì tó wọ inú ara wọn ni àmì rẹ̀, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó ń sọ pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ìṣẹ́gun ti ń wá sì bá a rìn. Àmì yìí kò bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ṣì ń lò ó. Nítorí náà, onígun mẹ́ta méjì nìkan kò sọ ọdún. Ohun tó wà lókè rẹ̀ ni kí ẹ wò: bí adé bá wà níbẹ̀, ó jẹ́ ti ìgbà ọba Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹyẹ idì bá wà níbẹ̀, ó jẹ́ ti Nàìjíríà tó ti gba òmìnira.

Queen's Own Nigeria Regiment: Ọbabìnrin wá sí Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1956, ọdún náà ni wọ́n sì gba orúkọ yìí. Wọn kò lò ó ju títí di òmìnira lọ. Royal Nigerian Army: láti 1960 títí di 1963, nígbà tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba lókè mọ́. Ọdún mẹ́ta péré ni, ìdí nìyẹn tí ohun tó bá ní orúkọ yìí fi ṣọ̀wọ́n.

Fìlà ọmọ ogun ojú omi: ọ̀já dúdú tó yí fìlà ọmọ iṣẹ́ ọkọ̀ ká lè ní H.M.N.S. lára, èyí tó ń sọ pé ọkọ̀ ọba ni. Lẹ́yìn 1963, ó di N.N.S. Fìlà ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà: kò sí èyí tó ṣáájú 1964, nítorí ọdún yẹn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Àmì orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tó ní ọ̀rọ̀ “Peace and Progress” nísàlẹ̀: kò ṣáájú 1978. Báàjì tó ní orúkọ Dàhòmì: kò kọjá 1975, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà di Benin. Báàjì oòrùn tó ń yọ, ti Bìáfùrà: May 1967 sí January 1970. Ẹ gbé ti Bìáfùrà yẹ̀ wò ní ìlọ́po méjì, nítorí ohun tí àwọn ènìyàn ń wá lójú méjèèjì ni ayédèrú máa ń pọ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yí báàjì padà

Ẹ̀yìn báàjì ni òótọ́ wà. Báàjì tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ jáde láti inú idẹ pẹlẹbẹ máa ń ní àwòrán iwájú rẹ̀ lẹ́yìn, ní òdìkejì: ibi tó yọ jáde níwájú á jìn lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ á mú, ìlà kọ̀ọ̀kan á dá dúró. Èyí tí wọ́n yọ́ idẹ dà sínú mọ́ọ̀dì máa ń ní ojú tó ṣe wúrúwúrú, ihò kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́, àti lẹ́tà tí etí rẹ̀ ti ṣe bọ̀kọ̀tọ̀. Wọ́n yọ́ báàjì mélòó kan dà lóòótọ́ lójú ogun, ṣùgbọ́n bí a bá ń ta èyí tó yẹ kí ilé-iṣẹ́ ńlá Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ṣe wúrúwúrú, ẹ má rà á.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi dè é. Ihò wáyà méjì tí wọ́n ń ki pín-ìn-nì gba inú rẹ̀, tàbí ahọ́n idẹ gígùn kan tó ń wọnú ojú aṣọ, ni àṣà Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá ní abẹ́rẹ́ tó ń ṣí tó ń pa, kì í sábà jẹ́ ti fìlà: ohun ọ̀ṣọ́ tí sójà ń fún ìyàwó tàbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é náà ń sọ̀rọ̀. Láti 1916, nítorí àìtó nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n fi idẹ nìkan ṣe ọ̀pọ̀ báàjì tó yẹ kó ní irin funfun. Nígbà ogun Hitler, wọ́n fi rọ́bà líle aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú ṣe òmíràn, kí wọ́n lè fi irin ṣe ohun ìjà. Láàárín ọdún 1950 sí 1959 ni báàjì álúmínì tí wọ́n ti pa láró, tó ń dán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nù ún, bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ní Adé Ọbabìnrin nígbà gbogbo. Ẹ fi òòfà kàn án: idẹ àti álúmínì kò ní fà. Bí báàjì “idẹ” bá lẹ̀ mọ́ òòfà, irin tí wọ́n fi omi idẹ bò ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ṣí inú rẹ̀

Ẹ yí awọ tó ń gba òógùn síta pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ máa ń wà, oòrùn kì í dé ibẹ̀.

Ọdún: bí wọ́n bá tẹ orúkọ aránṣọ, ìwọ̀n orí àti ọdún sínú rẹ̀, iṣẹ́ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bẹ́rẹ́ẹ̀tì Kangol, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1938 ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sábà máa ń ní ọdún nínú. Ọfà kékeré tó dojú kọ òkè, láàárín lẹ́tà W àti D tàbí lókè wọn, ń sọ pé ohun ìní ìjọba ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń lo W.D. yẹn dà pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ ààbò ní 1964.

Nọ́ńbà: bí ẹ bá rí nọ́ńbà gígùn tó jẹ́ ẹyọ mẹ́tàlá, tí wọ́n fi dáàṣì pín sí mẹ́rin, tó sì ní 99 láàárín, nọ́ńbà NATO ti Gẹ̀ẹ́sì ni. NATO fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1949, ètò nọ́ńbà náà sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Kò sí bí fìlà tó ní i ṣe lè ti wọ ogun Hitler.

Àdírẹ́sì: àwọn ọ́físà máa ń ra fìlà tiwọn lọ́wọ́ aránfìlà ní Lọ́ńdọ̀nù, lébẹ́ẹ̀lì wọn á sì ní àdírẹ́sì. Bí nọ́ńbà bá tẹ̀ lé lẹ́tà àdúgbò, bíi W.1, kò ṣáájú 1917. Bí ó bá jẹ́ kóòdù gígùn tòde òní, ó bọ́ sẹ́yìn 1959. Títí di 1974 ni wọ́n fi tàn án ká gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé aránṣọ ọba ni àwọn, ẹ ka orúkọ ọba náà dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé “ọba tó ti kú” túmọ̀ sí pé lẹ́yìn ikú ọba yẹn ni wọ́n rán an. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà máa ń yí padà: Gieves & Hawkes kò sí lórí fìlà kankan ṣáájú 1974, nítorí ọdún yẹn ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì di ọ̀kan.

Orúkọ àti nọ́ńbà tí sójà fi yíńkì kọ sínú rẹ̀ ni ìṣúra tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ má fi omi kàn án, ẹ má fi ìka rá a. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì tó ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí ẹ sì tún yà á lábẹ́ iná aró: yíńkì tí ojú kò rí mọ́ lè hàn níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Aṣọ àti òwú

Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì iná aró sí fìlà. Irun àgùntàn àti òwú àtijọ́ kì í tàn. Òwú tó bá tàn funfun bí ọ̀sán sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀yìn ogun Hitler. Ẹ má yára dájọ́ o: ọṣẹ ìfọṣọ òde òní ní èròjà tó ń mú aṣọ tàn, fìlà àtijọ́ tí wọ́n fọ̀ lánàá á tàn káríkárí. Bí ó bá jẹ́ ìlà ìrán nìkan ló tàn tí aṣọ kò tàn, òwú náà ni ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Bí iyèméjì bá kù, ẹ fa òwú kan ṣoṣo láti inú ojú ìrán inú, ẹ gbé e jìnnà sí fìlà, kí ẹ fi iná kàn án. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó ń jó, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́. Òwú lásán á rùn bí bébà. Tẹ́rílíìnì á yọ́, á di kókó líle dúdú. Ní 1941 ni wọ́n hùmọ̀ tẹ́rílíìnì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yìn ogun ló sì tó dé ọjà. Bákan náà, aṣọ alẹ̀mọ́ra tí a mọ̀ sí Velcro, 1955 ni wọ́n fún ẹni tó hùmọ̀ rẹ̀ ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ṣé gbogbo rẹ̀ bára mu?

Fìlà tí wọ́n dé lóòótọ́ máa ń gbó ní àwọn ibi tó yẹ kó gbó. Awọ iwájú orí á dúdú ju ti ẹ̀yìn lọ, nítorí òógùn. Etí iwájú á dán níbi tí ọwọ́ ti máa ń dì í mú. Aṣọ abẹ́ báàjì á pọ́n tàbí dú ju èyí tó yí i ká lọ, nítorí oòrùn kò kàn án, àwòrán báàjì á sì ti tẹ̀ sára aṣọ. Bí ẹ bá yọ báàjì tí àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ní ìrísí mìíràn, báàjì mìíràn ló ti wà níbẹ̀. Bí ihò méjì bá wà tí báàjì sì jẹ́ aláhọ́n kan, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ẹni tó ń ṣe ayédèrú máa ń fi tíì tàbí kọfí pa aṣọ láró kó lè dà bí ohun tó ti gbó. Gbígbó rẹ̀ á dọ́gba níbi gbogbo, á sì dé abẹ́ báàjì àti inú ojú ìrán, níbi tí ìdọ̀tí ojoojúmọ́ kì í dé. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ náà.

Àpẹẹrẹ méjì

Ẹ jẹ́ ká ro fìlà ọ́físà kan: olókè róbótó, etí líle níwájú, Adé Ọba lára báàjì. Lébẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ní àdírẹ́sì Lọ́ńdọ̀nù W.1, ó sì sọ pé aránṣọ “ọba George Karùn-ún tó ti kú” ni àwọn. Ìrísí sọ pé kò ṣáájú 1905. Àdírẹ́sì gbé e wá sí 1917. Ọ̀rọ̀ nípa ọba tó ti kú gbé e wá sí January 1936. Adé Ọba pa ilẹ̀kùn rẹ̀ ní nǹkan bíi 1953. Òwú rẹ̀ kò tàn lábẹ́ iná aró. Ìdájọ́: 1936 sí 1953. Bí ìdílé bá ní ọdún 1941 ni wọ́n fún bàbá ní fìlà náà, kò sí ohun kan lára rẹ̀ tó ta ko wọ́n.

Èkejì: bẹ́rẹ́ẹ̀tì kan tí òǹtẹ̀ Kangol 1951 wà nínú rẹ̀, tí báàjì rẹ̀ sì ní ẹyẹ idì. Báàjì kò ṣáájú òmìnira, fìlà sì ti wà ní 1951. Ẹ má pe é ní ayédèrú, ẹ má sì pe é ní fìlà 1951 lásán. Ẹ wo abẹ́ báàjì. Bí àmì báàjì mìíràn bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí sójà kan ti sin ọba Gẹ̀ẹ́sì, kó tún sin Nàìjíríà, pẹ̀lú fìlà kan náà lórí. Ẹ kọ ọdún méjèèjì sílẹ̀.

Kíkọ sílẹ̀ àti títọ́jú

Fún fìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe ìwé kan tó ní nǹkan wọ̀nyí: ìrísí àti àwọ̀, ìwọ̀n orí, àwòrán báàjì, ohun tí wọ́n fi ṣe é, àti bí wọ́n ṣe dè é, irú adé, gbogbo ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà inú rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, ohun tí iná aró fi hàn, ọdún fìlà, ọdún báàjì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ bá àgbà ilé pẹ̀lú fọ́tò, kí ẹ bi wọ́n léèrè: ìlú wo ni wọ́n ti wọṣẹ́ ológun, ta ni ọ̀gá wọn, ọkọ̀ wo ni wọ́n wọ̀, ọdún wo ni wọ́n padà dé? Orúkọ bárékè kan tàbí odò kan tí wọ́n bá dá lè tọ́ka sí ẹ̀ka ọmọ ogun tí fìlà kò dárúkọ.

Ẹ má fọ fìlà. Ẹ má fi ohun ìdánrin kan báàjì, nítorí ó ń jẹ ìlà kéékèèké tí ẹ fi ń dá a mọ̀. Ẹ fi bébà funfun tí kò ní yíńkì kún inú rẹ̀ kó má baà wó, ẹ gbé e sínú páálí tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, kí ẹ jìnnà sí oòrùn àti ọ̀rinrin. Bí kòkòrò bá ti ń jẹ ẹ́, ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù méjì, ẹ gbé e sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ méjì níbi tí iná kì í ti í lọ, kí ẹ sì jẹ́ kó móoru padà sí bí afẹ́fẹ́ ṣe rí kí ẹ tó tú u. Òfin Nàìjíríà kò fọwọ́ sí i kí ẹni tí kì í ṣe sójà máa wọ aṣọ sójà kiri, nítorí náà ẹ má dé e jáde, kódà lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá tó ni ín. Bí ìdílé kò bá lè tọ́jú rẹ̀, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tó wà ní Umuahia láti 1985 jẹ́ ibi tó yẹ kí a fi lọ̀, kí ìwé tí ẹ kọ sì bá fìlà lọ.

Nínú ìwé náà, ẹ fi ìlà sáàárín ohun tí ẹ fojú rí lára fìlà àti ohun tí wọ́n sọ fún yín nílé, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gba fìlà náà lọ́wọ́ yín ní ogún ọdún sí i lè rí fọ́tò tàbí ìwé ìjọba tí ẹ̀yin kò rí. Yóò lè ṣàtúnṣe iṣẹ́ yín bí ó bá mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rí nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ìtàn.